Àdín Inú Gíá

Àdín tí ìyá mi fi ránṣẹ́ pé kí n máa fi pa ọmọ mi lára, ọkọ mi gbé e, ó rọ ọ́ sínú gíá mọ́tò. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn, mi ò bù mọ́ ọn, mi ò sì yọ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó mọ sórí gíá ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa ro mí, torí gíá kì í ṣe ohun tí apá mi ò ká. Ohun tó bí mi nínú ni pé lẹ́yìn ìgbà tó ṣe é tán, ó lọ dúró ní gáréèjì Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ń sọ fún gbogbo awakọ̀ pé bàbá mi ló ba mọ́tò òun jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí bàbá mi jẹ́ fún yín. Mùbàṣírù Fítà ni. Òdìkejì títì sí gáréèjì gan-an ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, bí èèyàn bá sín ní gáréèjì, Bàbá á kí i láti ibi tó wà. Ọdún kejì tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ni mò ń sọ yìí. Nígbà yẹn, bí mọ́tò agbégi kan bá kọṣẹ́ lọ́nà igbó Màmù, ohun tí awakọ̀ máa kọ́kọ́ sọ ni pé ẹ bá òun pe Bàbá Fítà. Kò ní oko, kò ní ilé mìíràn, kò ní ju orúkọ yẹn àti àwọn sípánà rẹ̀ lọ.

Èmi Asimawu ni àkọ́bí rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń kiri ọ̀jọ̀jọ̀, èmi ni mò ń na sípánà sí Bàbá lábẹ́ mọ́tò. Mo máa ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì láti òkèèrè, màá sì sọ ohun tó ń ṣe é. Kí n tó relé ọkọ, mo ti tú gíá palẹ̀, mo ti tò ó padà, Bàbá yí i wò títí, kò rí nǹkan kan bá mi wí sí. Ẹni tó bá ní obìnrin kò lè ṣe é, kó gbé mọ́tò tirẹ̀ wá.

Ọkọ mi, Àlímì, ará Àgọ́-Ìwòyè ni, ibẹ̀ náà la sì ń gbé. Mọ́tò Bẹ́dífọ́ọ̀dù kan ló ń wà, wọ́n kọ KÒ SÍ WÀHÁLÀ gàdàgbà sí iwájú rẹ̀. Ó ń kó pákó láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí etí omi, níbi tí àwọn ará Òde-Omi ti ń fi ọkọ̀ ojú omi wá pàdé rẹ̀, ẹja gbígbẹ ló sì ń kó bọ̀. Èèyàn dáadáa ni. Kò gbé ọwọ́ sókè sí mi rí, bí ó bá sì ti etí omi dé, á yọ ẹja tó tóbi jù fún èmi àti ìyá rẹ̀. Àmọ́ agídí rẹ̀ pọ̀. Aṣáà tó ń fín símú náà ti pa imú rẹ̀. Ẹ lè yan ata níwájú Àlímì, kò ní sín.

Ìjà òun àti bàbá mi kò tó ohun tí èèyàn ń pè ní ìjà. Bàbá kàn sọ fún un lójú àwọn awakọ̀ pé bó ṣe ń fa gíá yẹn, àfi bí ẹni tó ń gún iyán. Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ìyàwó ẹni, kí lèèyàn máa fi dá a lóhùn? Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá," ó sì gbé ìbínú náà wálé fún mi. Láti ọjọ́ yẹn ló ti búra pé táyà mọ́tò òun kò ní tẹ ìsọ̀ yẹn mọ́.

"Ṣebí kéèyàn tú ọ́ìlì àtijọ́ dànù, kó rọ tuntun sí i náà ni?" ó bi mí. "Kí ló le níbẹ̀?"

Oyún wà nínú mi nígbà náà, ẹsẹ̀ mi wú bọ̀kọ̀tọ̀, mi ò ní agbára àríyànjiyàn. Mo ní kó máa ṣe é lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ni mo bí Àbíkẹ́. Ìyá mi jókòó, ó ṣe àdín dúdú fúnra rẹ̀, èyí tó ki dáadáa, irú èyí tí à ń fi pa ọmọ tuntun lára kí ọyẹ́ má baà mú awọ rẹ̀ le, kí gìrì má sì gbé e. Kí lẹ rò pé wọ́n ń rọ nǹkan sí nínú ilé fítà? Agolo ọ́ìlì ni! Inú agolo ọ́ìlì ni epo pupa ìyá mi ń gbé, inú agolo ọ́ìlì ló gbin efinrin sí. Agolo ọ́ìlì gíá ńlá kan ló fọ̀ mọ́ tónítóní, tó rọ àdín ọmọ mi sí, tó sì fún Simeon, awakọ̀ kan tó máa ń gba iwájú ilé wa kọjá, pé kó bá òun gbé e fún wa.

Simeon bá Àlímì níta, ó gbé agolo náà lé e lọ́wọ́. "Láti ilé àna rẹ nìyí o," ó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àlímì wo agolo, ó rí i pé ti ọ́ìlì gíá ni. Ó yọ ìdérí, ó rí ohun dúdú tó ki. Imú tó yẹ kó sọ òtítọ́ fún un ti kú. Lọ́kàn rẹ̀, Bàbá ti ro ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n fi ọ́ìlì bẹ òun. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé omi bọ́ lójú òun díẹ̀ bí òun ṣe ń wọ abẹ́ mọ́tò. Ẹ wo ọkùnrin yìí! Inú yàrá ni mo wà nígbà yẹn, ó kàn yẹ kó yọjú, kó ní Asimawu, wo ohun tí Bàbá fi ránṣẹ́. Kò yọjú. Ó tú ọ́ìlì àtijọ́ dànù, ó da gbogbo àdín ọmọ mi síbẹ̀, ó dì í, ó gbéra ó di etí omi.

Lọ́sàn-án, mọ́tò ń lọ geere. Àwọn èrò ẹ̀yìn ní àwọn ń gbọ́ òórùn ẹni tó ń yan èkùrọ́, ó ní ẹja wọn ló ń rùn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, tí òtútù ọyẹ́ ti mú irin, gíá kò mì. Ó fà á, ó tì í, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ara mọ́tò ó tún fà á, ó gan pa. Ìgbà tí oòrùn wọ̀ ọ́ lára ló tó gbà. Àárọ̀ tó tẹ̀lé e, bákan náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdín, ẹ mọ̀ pé bí ọyẹ́ bá ti mú u, dídì ló ń dì. Nígbà tó yá, kílọ́ọ̀ṣì tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíá náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Bí ó bá kó pákó dé ẹsẹ̀ òkè, ẹ́ńjìnnì á máa pariwo, mọ́tò á dúró sójú kan.

Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ́ìlì burúkú ni Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ fi ránṣẹ́ sí òun. Inú tó ti dùn tẹ́lẹ̀ ló sọ ìbínú náà di ńlá. Ó lọ sí gáréèjì, ó pariwo rẹ̀.

Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Mi ò tíì máa jáde, ìyá ọkọ mi ló ń tọ́jú mi. Ní àràárọ̀ ni obìnrin yẹn ń gbé ìkòkò omi ńlá kaná láti fi wẹ̀ mí, omi tó gbóná débi pé mo máa ń bẹ̀ ẹ́. Bí mo bá bi ọkọ mi pé kí ló ń ṣe mọ́tò rẹ̀ láàárọ̀, á ní kí n gbájú mọ́ ọmọ.

Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ. Ó wá wo ọmọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo ní kí ló dé, ó ní kò sí. Mo ní, "Ìyá, ẹ má ṣe mí báyìí, kí ló dé?"

"Bàbá rẹ kò jẹun mọ́," ó dá mi lóhùn. "Á jí, á lọ sí ìsọ̀, á to sípánà rẹ̀ sílẹ̀, á jókòó. Kò sí mọ́tò kankan tó ń wọlé. Wọ́n ní bí ó bá lè ba mọ́tò ọkọ ọmọ rẹ̀ jẹ́, kí ni kò ní fi ti àwọn ṣe?"

"Ta ló sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Ọkọ rẹ ni."

Ìyá mi gbé Àbíkẹ́ lé ẹsẹ̀, ó fọwọ́ ra á lẹ́yìn, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ara ọmọ yìí mà gbẹ o. Ṣé ẹ ò fi àdín tí mo fi ránṣẹ́ pa á ni?"

"Àdín wo?"

"Àdín inú agolo ọ́ìlì gíá. Mo fún Simeon. Ó ní ọwọ́ ọkọ rẹ lòun fi lé."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú jáde lẹ́nu mi, wàlláhì. Ìyá mi rò pé nǹkan ti ṣe mí lórí. Lẹ́yìn náà ni ẹkún gbà mí, ìbínú wá lé ẹkún lọ. Mo rí bàbá mi lọ́kàn mi níbi tó jókòó sí, tó ń wo àwọn mọ́tò tó ń kọjá lọ bá àwọn fítà mìíràn, ó dùn mí dé eegun.

Mo ní, "Ìyá, ẹ nu ojú yín. Ẹ padà sílé, ẹ má tíì sọ fún Bàbá. Èmi fúnra mi ni màá tún mọ́tò yẹn ṣe. Ẹni tó sì fi ẹnu ba Bàbá jẹ́ ní gáréèjì, ẹnu ọ̀hún náà ló máa fi tún un ṣe ní gáréèjì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi kọ́ lẹ bí."

Ilẹ̀ mọ́. Ọyẹ́ mú débi pé ètè ń bó. Mo gbọ́ tí Àlímì ń bá gíá wọ̀yá ìjà níwájú ilé, ó ń fà, ó ń bú u. Mo gbé Àbíkẹ́ fún ìyá ọkọ mi, mo wé gèlè le, mo gbá ìró mọ́ra, mo jáde.

"Ìyá Àbíkẹ́, kí lò ń wá níta nínú òtútù yìí?"

"Sípánà ni," mo dá a lóhùn. "Sọ̀ kalẹ̀."

Ìgbà tó rí ojú mi, ó sọ̀ kalẹ̀. Mo tẹ́ àpò sílẹ̀, mo wọ abẹ́ mọ́tò, mo tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ gíá. Nọ́ọ̀tì jáde, kò sí ohun tó ṣàn. Mo ti ìka bọ ihò náà, mo wa nǹkan kan jáde, ó dì bí òrí. Mo jáde lábẹ́ mọ́tò, mo fi pa ọkọ mi lápá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́.

"Kí nìyí?"

"Gíríìsì ni," ó sọ.

"Gbóòórùn rẹ̀."

"O mọ̀ pé imú mi ò gbóòórùn."

Mo ké sí ìyá rẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbóòórùn èyí."

Ìyá ọkọ mi tẹ imú mọ́ apá ọmọ rẹ̀, ó fà á símú gan-an. "Àdín ni. Àdín tó dára ni. Ta ló ṣe é?"

"Ìyá mi ni. Ọmọ ọmọ yín ló ṣe é fún."

"Kí ló wá ń wá lábẹ́ mọ́tò?"

"Ẹ bi ọmọ yín."

Àlímì wo apá rẹ̀, ó wo mọ́tò, ó wò mí. Ó rọra jókòó lórí ibi tí à ń tẹ̀ gòkè mọ́tò.

"Agolo tí Simeon gbé wá yẹn?"

"Òun ni."

"Àdín ló wà níbẹ̀?"

"Àdín ni."

"Èmi rò pé Bàbá fi bẹ̀ mí ni," ó sọ. "Kò kúkú fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi."

Mi ò ní purọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Àmọ́ mi ò jẹ́ kó hàn lójú mi, torí iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀.

Mo wọlé, mo gbé ìkòkò omi tó wà lórí iná, omi ìwẹ̀ mi. Ìyá ọkọ mi figbe ta. "Omi ìwẹ̀ abiyamọ! Asimawu, ṣé o fẹ́ kí òtútù wọ̀ ọ́ nínú ni?"

"Ìyá, inú gíá ni òtútù ti wọ̀. Tèmi á lè dúró."

Mo ní kí Àlímì máa bu omi náà, kó máa dà á sára gíá díẹ̀díẹ̀, kó má yára. Èmi gbé àwo sábẹ́. Nígbà tó ṣe, àdín bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, lẹ́yìn náà ló wá ń ṣàn gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Inú àwo náà dúdú, ẹ̀rún irin sì ń dán nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Òtútù ni gíá wà nígbà tí o tú ọ́ìlì àtijọ́, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó burú?"

"Ìdajì ìdọ̀tí lo fi sílẹ̀ níbẹ̀. Kéèyàn wa mọ́tò kó gbóná ná, kó tó tú u, kó sì ní sùúrù kó ṣàn tán pátápátá. Ibo ni wáṣà nọ́ọ̀tì yìí wà?"

"Wáṣà wo?"

Mo na nọ́ọ̀tì náà sí i. Òwú àpò ìrẹsì ló wé mọ́ ọn lọ́rùn dípò wáṣà tí kì í jẹ́ kó jò. Abájọ tí ilẹ̀ iwájú ilé wa fi ń dán láràárọ̀! Mi ò tilẹ̀ bú u. Mo wọ yàrá, mo mú sáńdà rẹ̀ àtijọ́ kan, mo fi ọ̀bẹ gé awọ rẹ̀ rogodo, mo dá ihò sí i láàárín. Ó ní, "Sáńdà mi!" Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Mo tún bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé gíá ti kún nígbà tó ń rọ ọ́.

"Nígbà tí agolo tán."

"Yéè! Àlímì!" Mo di orí mú. Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo fi kan nọ́ọ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíá, tí kò fọwọ́ kàn rí láyé rẹ̀. "Ibí yìí lèèyàn ń ṣí. Ibí lo máa rọ ọ́ gbà. Bí ó bá ti dé ẹnu ihò yìí, tó fẹ́ máa kán síta, ó tó nìyẹn. Èyí tó lé lórí rẹ̀ ló gba iwájú jáde, tó lọ ta sára kílọ́ọ̀ṣì rẹ. Ọmọ la fẹ́ fi àdín pa, kílọ́ọ̀ṣì lo fi pa."

Ìyá rẹ̀ tó gbé ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Àlímì náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, ó gbé e mì.

Mo rán an lọ ra ọ́ìlì gíá tòótọ́. Mo ní kí wọ́n ṣí i lójú rẹ̀, kó sì wá ẹni tí imú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ kó bá a gbóòórùn rẹ̀. Kó tó dé, mo ti po kẹrosíìnì mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀, mo ti rọ ọ́ sínú gíá. Nígbà tó dé, a fi jáàkì gbé ẹ̀yìn mọ́tò kúrò nílẹ̀, a fi igi há àwọn táyà iwájú, mo ní kó ta á, kó fi sí gíá kó máa yí díẹ̀. A pa á, a tú u dànù, ó jáde pẹ̀lú ìyókù àdín. A tún un ṣe títí ohun tó ń jáde fi mọ́. Lẹ́yìn èyí ni mo ṣí ọmọ ìdérí kékeré tó wà nísàlẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì, mo fi pẹtiróòlù fọ àdín kúrò lára rẹ̀, Àlímì ń fi irin yí ẹ́ńjìnnì fún mi díẹ̀díẹ̀ kí n lè fọ̀ ọ́ yí ká. Mo fi í sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Ọyẹ́ tó ṣe wá níkà láàárọ̀, òun náà ló bá wa gbẹ ẹ́.

Mo fi wáṣà awọ sí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, mo dì í. Mo ní kí Àlímì fúnra rẹ̀ rọ ọ́ìlì náà. Ó rọ ọ́ títí ó fi kán síta lẹ́nu ihò ẹ̀gbẹ́, ó dáwọ́ dúró, ó wò mí bí ọmọ ilé kéwú tó ń wo ojú àfáà. Mo ní, "Dì í." Ó dì í.

Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, tí Àlímì kí àsùbáà tán, ó gun orí mọ́tò. Òtútù ọjọ́ náà ju ti àná lọ. Mo dúró níwájú mọ́tò pẹ̀lú ọmọ mi lẹ́yìn. Ó ta á, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó fi ìka méjì péré ti gíá. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Ó mú un jáde, ó tún fi sí òmíràn, wẹ́rẹ́. Àlímì bú sẹ́rìn-ín, ó ń pariwo orúkọ mi títí àwọn aládùúgbò fi yọjú. Inú mi dùn, kí n má tàn yín. Mo mọ̀ pé mo mọ iṣẹ́ yẹn.

Mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. "Ó ku gáréèjì."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Mo ti ń rò ó. Màá lọ bá Bàbá nílé, màá dọ̀bálẹ̀, màá bẹ̀ wọ́n. Ìyá mi á bá mi lọ."

"Ṣé ilé lo ti ba orúkọ wọn jẹ́?"

"Asimawu, ṣàánú mi. O mọ àwọn awakọ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ pé àdín ni mo rọ sí gíá, Alàdín ni wọ́n á máa pè mí títí n ó fi kú. Wọ́n á máa pe ọmọ mi ní ọmọ Alàdín."

"Bàbá mi ń jókòó nínú ìsọ̀ òfìfo láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nítorí ẹnu rẹ," mo sọ fún un. "Kò jẹun. Wọ́n ti fi ojú ẹni tó ń ba nǹkan jẹ́ wò ó, ó sì ń rò pé ìwọ, ọkọ ọmọ òun, mọ ohun tóun ṣe tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín lò ń bẹ̀rù? Màá bá ọ lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ pe ọmọ mi ní ọmọ Alàdín, kí wọ́n pè é lójú mi."

Àlímì na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Ìyá ọkọ mi ń pariwo pé a kì í gbé ọmọ tuntun jáde báyìí, àmọ́ a ti ń lọ. Láti Àgọ́-Ìwòyè títí a fi dé Ìjẹ̀bú-Igbó, gíá kò ké rárá.

Gáréèjì kún. Àwọn awakọ̀ ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, Simeon wà láàárín wọn. Ní òdìkejì, mo rí bàbá mi nínú ìsọ̀ rẹ̀, ó jókòó lórí àpótí, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà. Ó ti rù.

Àlímì sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ta táyà kan, ó fi ẹsẹ̀ ta òmíràn, ó yí mọ́tò po. Mo wúkọ́. Ó bá rìn lọ sí àárín wọn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi." Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, ó tún un sọ. "Mo sọ fún yín níbí pé Bàbá Fítà fi ọ́ìlì burúkú ba mọ́tò mi jẹ́. Irọ́ ni. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mo ń sọ ọ́, àmọ́ irọ́ ni. Bàbá kò fún mi ní nǹkan kan. Àdín tí ìyá ìyàwó mi ṣe fún ọmọ mi ni mo rọ sí gíá. Èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ mi rọ ọ́."

Ẹni kan gbé ẹ̀kọ sẹ́nu kò mì ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín tú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀. "Alàdín! Alàdín o!" Simeon ń lu orí ara rẹ̀, ó ní, "Àdín ni mo gbé fún un! Èmi ni mo gbé àdín fún un!" Ọkọ mi dúró sójú kan. Ó jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ nínú ọyẹ́.

"Ẹ rẹ́rìn-ín," ó sọ nígbà tí ariwo rọlẹ̀. "Ó tọ́ sí mi. Ẹni tó sì yọ àdín náà, tó tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ọmọ Bàbá Fítà ni. Ẹ wá gbọ́ gíá mi bí ẹ bá fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbé mọ́tò yín kúrò lọ́dọ̀ bàbá yìí nítorí ọ̀rọ̀ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé e padà."

Ó la títì kọjá, ó wọ inú ìsọ̀ lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀ tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú, pẹ̀lú dàńṣíkí funfun tó wọ̀. Mo tẹ̀lé e. Àwọn awakọ̀ ń wò wá láti ẹ̀gbẹ́ kejì títì.

Bàbá mi kò yí ojú padà. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ibi tó jókòó sí, mo mọ̀. Ẹ̀rù wá bà mí, èmi tí ẹ̀rù kì í bà. Bàbá mi le, mo sì mọ̀ pé bí ó bá lé Àlímì jáde nínú ìsọ̀ yẹn, kò sí ohun tí mo lè fi sípánà tún ṣe níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," Àlímì ń sọ fún iyẹ̀pẹ̀. "Mo ṣẹ̀ yín. Ẹ forí jì mí."

Bàbá yọ fìlà, ó fi nu ojú rẹ̀, ó nu ún pẹ́. Mi ò rí bàbá mi kó sunkún rí kó tó di ọjọ́ yẹn.

A gbọ́ ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn wa. Simeon ti wa mọ́tò rẹ̀ la títì kọjá, ó ti fi imú mọ́tò náà kan ẹnu ìsọ̀. Ó yọ orí síta, ojú ń tì í.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Bíréèkì mi ni kò dá mi lójú. Ṣé kí n gbé e wọlé?"

Bàbá mi dé fìlà rẹ̀ padà. Ó wo Simeon, ó wo Bẹ́dífọ́ọ̀dù tiwa ní gáréèjì, ó wá wo ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Dìde, Àlímì. Lọ gbé mọ́tò rẹ wọlé, kí n wo kílọ́ọ̀ṣì yẹn." Ó gbé ojú sókè. "Simeon, sún sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ọmọ mi lo máa tò sí, òun ló kọ́kọ́ dé."